Ìbọn Faransé Tí Wọn Kò Yìn Rí

Ẹ bá mi bi àwọn MC wa: ta ló ní kí wọ́n máa ṣa àwàdà lórí fóònù, kí wọ́n wá dà á lé wa lórí níbi ìnáwó? Sátidé tó kọjá la sin ìyá ìyàwó mi ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Òkú àgbà, òkú ọlọ́mọ. Iyán dé, ẹran dé, aṣọ ẹbí tí mo ṣì jẹ gbèsè rẹ̀ náà dé. MC gba máìkì, ó ní ṣé a ti gbọ́ bí àwọn ọmọ ogun Faransé ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ti fi Niger sílẹ̀, wọ́n ti fi Chad sílẹ̀, ní oṣù Keje 2025 wọ́n kó kúrò ní Senegal. Títí débẹ̀, òótọ́ ni. Ó wá ní: "Wọ́n ti ń ta ìbọn wọn ní Kútọnu báyìí o. Ìbọn tuntun! Wọn ò yìn ín rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló já bọ́ lọ́wọ́ wọn."

Kẹ́kẹ́ pa. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Onígángan tí a sanwó fún kó máa gbè é lẹ́sẹ̀ na kọ̀ǹgọ́ sókè, ó tún rọra sọ ọ́ kalẹ̀. MC rí i pé ọ̀rọ̀ kò wọlé, ó sì ṣe ohun tí aláwàdà tó bá nítìjú kì í ṣe: ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ojo ni àwọn Faransé, tí ogun bá ti dé, wọ́n á ju ìbọn sílẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ìdí nìyẹn tí ìbọn fi já bọ́, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi yìn ín. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko ló fi là á yé wa, bí ẹni ń kọ́ni ní ìṣirò. Iyán mi tutù.

Bàbá àgbà kan tó jókòó tì mí, ọdẹ ni, fi ẹnu sí mi létí. Ó ní, "Àna wa, èló ni wọ́n ń ta ọ̀kan?"

Mo ní, "Bàbá, àwàdà ni o."

Ó ní òun kò sọ pé kì í ṣe àwàdà, èló ni wọ́n ń tà á? Ìbọn tuntun tí wọn ò yìn rí, kí ló ṣe é? Ṣé tí nǹkan bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn? Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde lápò, tọ́ọ̀ṣì kékeré rẹ̀ ń tàn, ojú rẹ̀ ti fọ́ yángá. Ó ní ẹ wo èyí, ó ti já bọ́ tó ogún ìgbà, mo ṣì ń gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú ẹ̀. Ṣakabùlà tí bàbá òun fi sílẹ̀ ló wà lọ́wọ́ òun. Tí ìrì bá ti sẹ̀ sí i, ó di ọ̀pá ìtilẹ̀.

Láti Sátidé ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ Bàbá yìí. Ẹni tó ní ìbọn nílé, tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, òun ló lè fi ìbọn tí kò dún ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù ajínigbé ti lé kúrò lóko, tí kòkó rẹ̀ ń jẹrà lórí igi, iye owó ló máa béèrè. MC ń wá ẹ̀rín, Bàbá ń wá ọjà. Ó tilẹ̀ ti ṣètò rẹ̀: tí ìbọn náà bá tó mẹ́wàá, ẹgbẹ́ ọdẹ á dáwó jọ, wọ́n á fi tó Àmọ̀tẹ́kùn létí kó má di ẹjọ́, ẹni kan á sì lọ gbé e wá. Àmọ́ kí wọ́n yin ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ẹni tó ń rà á, torí pé, ó ní, ará Kútọnu lè ta fìríìjì tí kò ní ẹ́ńjìnnì fún èèyàn, kó tún gbàdúrà fún un pé kó fi ṣorí ire. Mo rẹ́rìn-ín débi tí omi fi gba imú mi. Àwàdà Faransé tiwa nìyẹn, ẹni tó ti ra tòkunbọ̀ rí ló ṣe é.

Níbo ni MC ti rí tiẹ̀? Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ló ti gbà á. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, aládùúgbò tí òkun kan là láàárín ni wọ́n, wọ́n sì ti bára wọn jà débi pé ti Waterloo ní 1815 kàn jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti máa búra wọn. Amẹ́ríkà ní tiẹ̀, nígbà tí Faransé kọ̀ láti bá a lọ sógun Iraq ní 2003, inú bí àwọn aṣòfin rẹ̀ débi pé wọ́n yí orúkọ ànàmọ́ díndín padà nílé oúnjẹ wọn. Orúkọ Faransé ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní láti òní lọ, dùndú òmìnira ni. Àgbà aṣòfin! Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń din iṣu ní gáréèjì Ìkàrẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí ìjọba bá fowó kún epo bẹntiróòlù títí, ẹ má yí orúkọ dùndú padà.

Ìjà orogún méjì ní ilé onílé, MC wa ló wá ń bá wọn ká ìgbànú mọ́ ìdí ní Ìwàrò.

Kò sì tán síbẹ̀. Ó ní àwọn Faransé ń jẹ kọ̀ǹkọ̀, a gbà. Ó ní wọ́n ń jẹ ìgbín, ó wá fún ojú pọ̀ bí ẹni fẹ́ bì. Ìgbín! Ìgbín méjì ló wà nínú ọbẹ̀ mi lásìkò yẹn, ẹ̀kẹta wà lẹ́nu mi. Obìnrin tó jókòó níwájú mi sọ ṣíbí kalẹ̀, ó ń wo àwo rẹ̀ bíi pé wọ́n ti sọ ọ́ di ọmọ onílùú mìíràn. Nígbà tí ètò parí, ta ni mo rí lẹ́yìn ilé, tó ń bá àwọn alásè dúnàá-dúrà? MC náà ni! Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ìgbín kún èyí tí òun fẹ́ gbé lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ ìgbín, mo lè gbójú fò ó. Ti ìbọn ni mi ò lè gbójú fò. Ìbọn Faransé dún. Ó dún ní 1892 ní Dahomey, ní ilẹ̀ Benin òde òní, nígbà tí ọ̀gágun wọn, Dodds, kógun wọ Abomey, olú ìlú ibẹ̀. Wọ́n gbé ọba Béhanzin lọ sí Martinique lẹ́yìn òkun, wọ́n kó ìtẹ́ àti ère ààfin lọ sí Paris, ọdún 2021 ni wọ́n tó dá 26 padà nínú wọn. Ó dún ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1944. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó bá Faransé jagun Hitler, tí Jámánì mú lóǹdè, ni wọ́n kó padà wálé. Wọ́n ní kí Faransé san owó àwọn. Ìbọn ni wọ́n fi san án. Faransé ní èèyàn 35 ló kú, àwọn òpìtàn ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rin ọdún kí ààrẹ wọn, Macron, tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ní oṣù Kọkànlá 2024, pé ìpakúpa ni. Kí MC lọ dúró níwájú ọmọ ẹni tí wọ́n yìnbọn pa nítorí owó iṣẹ́ rẹ̀, kó sọ fún un pé ìbọn náà kàn já bọ́ ni. Tí wọ́n bá fi máìkì fọ́ ọ lórí, kó má pè mí wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Èyí tó tóbi jùbọn lọ náà dún. Ní oṣù Kejì 1960, wọ́n yin àdó olóró átọ́míìkì ní aṣálẹ̀ Sahara, wọ́n yin èkejì, kọ́dún náà tó parí wọ́n yin ẹ̀kẹta. Nàìjíríà ò tíì hu eyín nígbà náà. Síbẹ̀, ní oṣù Kìíní 1961, ìjọba Balewa fún aṣojú Faransé ní wákàtí 48 kó fi kẹ́rù rẹ̀ kúrò ní Èkó. Ọmọ oṣù mẹ́ta lé àgbàlagbà jáde nílé. A ti ju ọmọ ọgọ́ta ọdún lọ báyìí, ẹ sì mọ ìlú tí olórí wa fẹ́ràn láti máa lọ mí èémí. Paris ni. Òun ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni fún un ní wákàtí 48 kó tó kẹ́rù.

Ó yá, ká padà sí Ìwàrò, torí pé MC ò tíì ṣe tán. Ojú rẹ̀ lọ sórí ọ̀gbẹ́ni kan tó jókòó jẹ́jẹ́ lórí tábìlì àwọn oníṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí ló lẹ táìsì sí ibojì Ìyá, ó sì lẹ̀ ẹ́ débi pé omi á sáré lórí ẹ̀ láìdúró níbì kankan. Gbogbo wa ní Àkókó la mọ̀ pé tí o bá fẹ́ táìsì tí kò ní wọ́, "Faransé" lò ń wá, ìyẹn ará orílẹ̀-èdè Benin. MC pariwo pé, "Faransé kan wà níbí o! Ẹ gbé e dìde, kó wá fi imú sọ̀rọ̀ fún wa!"

Wọ́n gbé máìkì fún un. Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó ní, "Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣeyẹ. Ẹ̀yìn Ìyá á dáa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ṣe ọ̀fọ̀ ọ̀dọ́ o." Ó wá fi oríkì díẹ̀ sí i, ohùn Kétu, ó ń lọ sókè sódò. Onígángan tó ti sùn fò dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù. MC tó ń pe ara rẹ̀ ní Yorùbá, "so" àti "you know" ni gbólóhùn rẹ̀ fi ń rìn bí arọ tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀pá méjì. Faransé ló wá ń fún wa ní ìjìnlẹ̀. Wọ́n lẹ owó mọ́ ọn lórí. Mo fún un ní igba náírà, ìyàwó mi wò mí, mo fi kún un.

Kétu! Ilé Alákétu! Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, tí wọ́n fi ẹnu kò lórí ìlà. Nígbà tí ìlà náà balẹ̀, Mẹ̀kọ bọ́ sápá Gẹ̀ẹ́sì, Kétu tí í ṣe orírun rẹ̀ bọ́ sápá Faransé. Ẹ̀gbọ́n di Faransé, àbúrò wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fi imú sọ̀rọ̀. Mo jókòó ti ọ̀gbẹ́ni náà lẹ́yìn ètò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbínú ro ti Abomey fún un, kó lè mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ò mọ̀ pé àwọn Abomey ló fọ́ ìlú wa ní 1886, tí wọ́n kó wa lẹ́rú? Ìbọn Faransé tó dún yẹn ló jẹ́ kí àwọn baba ńlá mi padà wálé." Mo pa ẹnu mi dé. Òpìtàn orí ìwé ni mí. Tirẹ̀, ilé ló ti gbọ́ ọ.

Mo tiẹ̀ mọ ohun tó ń bí mi nínú gan-an. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo ti wá. Tí mo bá dé Èkó tí mo sọ bẹ́ẹ̀, kí n tó jókòó, ẹnì kan á ti máa gbó bí ajá, pé a máa ń jẹ ẹ́. Mo bá là á yé e pé ará Ìkàrẹ́ ni mí, Àkókó. Ó ní áà, ẹ̀yin tí ìlú kan kì í gbọ́ èdè ìkejì! Èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́: láti Arigidi dé Ìkáràm, o lè yí ahọ́n padà nígbà mẹ́ta kí ọkọ̀ tó gba owó. A jẹ́ pé Faransé Èkó ni wá. A tún wá ń ṣe é fúnra wa. Ará Ọ̀kà kan ò lè kí mi lóde àna láìbéèrè pé, "Ará Ìkàrẹ́, èwo nínú ọba yín méjèèjì ló rán ọ wá?" Èmi náà á ní ẹ̀yin tí ẹ kọ́lé sórí àpáta, tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yín, ìlú kejì ló ti máa lọ mú un. A jọ ń rẹ́rìn-ín ni, torí mo mọ àpáta náà, ìyàwó mi sì mọ ààfin méjèèjì. Kí MC ṣe èyí, mo máa fún un lówó.

Kẹ́ ẹ má baà sọ pé n ò gbọ́ Faransé: ní oṣù Kejìlá 1996, nígbà tí àárín Abacha àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò gún, ó ní gbogbo wa á máa sọ èdè Faransé. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú táìmù-tébù, ìgbà méjì lọ́sẹ̀. Olùkọ́ ò dé. Wákàtí yẹn ni wọ́n fi ń gé koríko. "Bọnjúù" nìkan ni àwọn ọmọ mú kúrò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà àgànyìn ni wọ́n sì ti kọ́ ọ.

Nígbà tí a ń bọ̀ lálẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò níná lẹ́yìn ń yọ́ bọ̀ lórí òkè Àkúngbá, búrékì rẹ̀ ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀bá yunifásítì ni. Ọdọọdún là ń sin èèyàn níbẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń wá wọn ọ̀nà. Mi ò gbọ́ àwàdà kankan lórí ìyẹn.

Ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Fóònù mi ń dún bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ láti òwúrọ̀. Bàbá ọdẹ ni. Ó ní ṣé MC ti fi nọ́ńbà ẹni tó ń ta ìbọn náà ránṣẹ́.