Ta Ló Ní Kí O Sá Awọ Òkété?

Òkété Okaishie kì í ṣe ẹgbẹ́ òkété oko. Ti oko ń jẹ èkùrọ́ àti ẹ̀gẹ́. Èyí tó ń gbé inú gọ́tà ní àárín gbùngbùn Accra ń jẹ bisikíìtì, ó ń jẹ ọṣẹ, ó sì ń kó ìyókù lọ sílé, nítorí àpò wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Páálí-páálí ni wọ́n ń tajà ní Okaishie: ọtí, ìpara, oògùn òyìnbó tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń ti ibi gbogbo wá rà. Ẹni tó bá to irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kan àjà, kó má retí pé òun nìkan ni yóò jẹ èrè ibẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta bisikíìtì níbẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ti májèlé. Ó ní ẹran ni òkété, kí ló dé tí òun yóò fi ba ọbẹ̀ jẹ́? Ó ti dé Kantamanto tí kò jìnnà sí wọn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta ẹran ìgbẹ́ tipẹ́tipẹ́. Iye tí wọ́n pe ọ̀yà kan fún un lọ́jọ́ náà ṣì ń dùn ún. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò mọ pàkúté í dẹ. Kékeré ló ti wà lẹ́yìn káńtà. Nílé, ta ló ń kọ́ ọmọkùnrin? Ó kàn ń wo àwọn àgbà ni: wọ́n á wá ojú ihò, wọ́n á dí àwọn ẹnu tó kù, wọ́n á fi èéfín ata lé e jáde, kóńdó á sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà èwe, ó ti bọ́ nìyẹn.

Ni ó bá gba orí fóònù lọ. Àwọn tó sì ń ṣàlàyé pàkúté yékéyéké níbẹ̀, ará Kánádà àti Amẹ́ríkà ni, muskrat sì ni wọ́n ń dẹ. Eku odò ni. Ìrísí rẹ̀ kò jìnnà sí ti òkété, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi dé ara. Àwọn Kátólíìkì kan létí Detroit ń jẹ ẹ́ lásìkò Lẹ́ńtì, wọ́n ní ohun tó ń gbé inú omi, ẹja náà ni. Awọ ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń wá ní tiwọn. Láyé ìgbà kan, wọ́n á gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á pa á láró, wọ́n á wá fi orúkọ Hudson seal tà á fún àwọn obìnrin ọlọ́lá, bí ẹni pé ẹran òkun ni. Ọkùnrin wa gbọ́ èyí, oorun dá lójú rẹ̀. Irun tí àwọn baba wa ń jó níná látọjọ́ tí aláyé ti dáyé!

Pàkúté kékeré tó kọ́kọ́ rà, òkété gbé e lọ. Ó ra onírin ńlá, ó fi wáyà so ó mọ́ irin ilẹ̀kùn, ó fi èkùrọ́ ṣe ìjẹ, ó gbé e sí ẹnu gọ́tà bí àwọn ará Kánádà ṣe ń gbé tiwọn sí ojú ọ̀nà omi. Ó mú un. Ó sanra, ìrù rẹ̀ funfun láti ìdajì dé ṣóńṣó.

Ibi tó yẹ kí iná ti gba iṣẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin yìí gbé ọ̀bẹ, ó gé e láti gìgísẹ̀ kan dé ìkejì, ó sì fa awọ náà kúrò lódindi bí ẹni bọ́ bùbá. Ó ya, nítorí irun òkété kò pọ̀, kò sí òwú kankan lábẹ́ rẹ̀, awọ náà kò sì ní sùúrù. Ìyẹn ò dá a dúró. Ó họ ọ̀rá inú rẹ̀, ó gbẹ́ pátákó kan ní ṣóńṣó orí, ó gbé awọ wọ̀ ọ́, inú sóde, ó kàn án níṣòó, ó sì gbé e kọ́ ojú fèrèsé níta. Àwọn ará Kánádà ti kìlọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bá iná, afẹ́fẹ́ tútù ni. Oṣù August ni, ìgbà tí Accra tutù jù lọ lọ́dún, ìyẹn ni pé èèyàn kàn ń làágùn díẹ̀. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, eṣinṣin ti pé síbẹ̀.

Ìyá onílé ló kọ́kọ́ rí i, tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́: ohun pupa kan lórí igi, ihò ojú méjì, kò sí ojú níbẹ̀. Ó ké ní èdè Gá, ó ké ní Twi, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì parí rẹ̀ kó lè yé ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ayálégbé tú jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun mọ ohun tó jẹ́, òun ti rí i nínú fíìmù Nàìjíríà. Wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ lóru, owó á máa jáde. Ẹ gbà mí! Fíìmù tí a fọwọ́ ara wa ṣe ló wá ń jẹ́rìí takò wá. Wọ́n ní ara ẹran náà dà? Ó ṣí ìkòkò hàn wọ́n, ọ̀rọ̀ sì tún burú sí i.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn kò bá ti owó lọ. Ó béèrè bóyá ó fọ ọwọ́. Ó ní lọ́dún 2003, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kó nǹkan bí 800 ẹran kéékèèké láti Gánà lọ sí Texas, òkété wà nínú wọn, kí àwọn òyìnbó lè fi wọ́n ṣe ohun ọ̀sìn inú ilé. Àrùn monkeypox bá wọn lọ, ó ran ẹran mìíràn tí wọ́n jọ wà, ó sì ran èèyàn ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà kí Amẹ́ríkà tó fòfin de irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Gbogbo agboolé dákẹ́. Kì í ṣe àrùn ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Pé ẹnìkan sanwó ra òkété láàyè, tí kò sì sè é, ìyẹn ni kò yé wọn.

Wọ́n ránṣẹ́ pe àgbà kan, ọmọ Òfà, tó ti pẹ́ ní Accra.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹran ọbẹ̀ lásán ni.”

“Ẹran ọbẹ̀ lórí pátákó? Ta ló ní kí o sá awọ òkété? Ibo lo ti rí i nílé wa?”

“Kánádà ni mo ti rí i, sà.”

“Ṣé Kánádà lo wà?”

Ẹ̀gbọ́n tún rántí pé August la wà. Òfin ọdún 1971 kan wà ní Gánà pé láti 1 August sí 1 December, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dẹ ẹran ìgbẹ́ àyàfi ọ̀yà, ọ̀yà náà gan-an, ìwé àṣẹ ni. Ó fi Yorùbá sọ èyí, ó sì rọra sọ ọ́.

Ohun tó dun ọkùnrin náà kì í ṣe awọ. Láti ọdún tó ti ń gbé ibẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Àárọ̀ ọjọ́ náà nìkan ló di “Nàìjíríà”. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà àti Ìlọrin tí ìjọba Busia ní Gánà fún ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ní November 1969 láti ṣe ìwé tàbí kí wọ́n kúrò nílùú, ó sì mọ bí irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àwa náà lé àwọn ará Gánà lọ́dún 1983, a tún fi wọ́n sọ àpò lórúkọ, nítorí náà kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbà á láti báni wí. Ó ní tó bá jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò sẹ́ni tí yóò ké. Irọ́ ni. Nílé tí wọ́n ti ń fi òkété rúbọ, ta ni yóò gbé awọ rẹ̀ kọ́ fèrèsé tí wọn ò ní bi í ní ohun tó fi í ṣe? Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọn ì bá fi bi í, òun náà ì bá sì rí ẹnu fèsì.

Ìyá onílé lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kò sí awọ ẹrankẹ́ran nínú ilé òun mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, òun fúnra rẹ̀ se waakye, wele kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ìyẹn pọ̀nmọ́ tiwa. Ọkùnrin náà gbé abọ́ lọ síbẹ̀, ó béèrè bóyá òfin náà kàn án. Màmá ní ti màlúù ni wele, ó sì bù ú fún un, ẹyọ kan ṣoṣo.