Ẹ̀yin Ará Òkè Ayọ̀bá, Ọ̀rọ̀ Iná Ti Dọwọ́ Yín

Sí àwọn ọ̀gá wa nílé ìjọba, Òkè Ayọ̀bá, Adó-Èkìtì.

Mo mọ̀ pé àyè lẹ́tà ò sí lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ n tètè bi yín: ta la ó máa di ẹ̀bi iná rù báyìí?

Tẹ́lẹ̀, ẹjọ́ yìí kì í pẹ́ parí. Ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ bà jẹ́, ẹ ní tìjọba àpapọ̀ ni, òótọ́ sì ni. Olè wọlé, ẹ ní ọlọ́pàá kì í ṣe tiyín, òótọ́ náà ni. Kódà nígbà tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá kó ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 2020, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ fi ní kò bófin mu. Ẹ ò gbà, ẹ ṣòfin tiyín. Ẹ gbìyànjú níbẹ̀. Owó ńkọ́? Nínú àpò àjọni tí wọ́n ń pín lóṣooṣù, ìjọba àpapọ̀ á mú 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo ìpínlẹ̀ 36 á pín 26.72, ìjọba ìbílẹ̀ á pín 20.60. Àbájọ tí gbogbo wa fi jọ ń bú Àbújá. Ó máa ń dùn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ iná náà rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀: ìwé òfin 1999 gba ìpínlẹ̀ láyè láti pèsè iná, àmọ́ níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò bá dé nìkan ni. Adúgbò wo ni wáyà kò dé ní Adó? Wáyà dé, iná ni kò bá a dé. Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin tó tú okùn yẹn ní oṣù kẹta ọdún 2023, Tinubu fọwọ́ sí òfin iná tuntun ní oṣù kẹfà. Ní 2024, àjọ NERC tó ń bójú tó iná fún ìjọba àpapọ̀ fa àbójútó iná Èkìtì lé àjọ tiyín lọ́wọ́. A wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. A sì yọ̀.

Síbẹ̀, ìyá tó ń bá wa lọ ata ní Ọjà Ọba ṣì ń fa okùn ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fowó kún iye tó ń gbà lórí ike kan, mo bi í léèrè, ó ní kí n lọ bi NEPA. Mo ní, “Ìyá, NEPA ti di ti Èkìtì.” Ó wò mí tòkè-tilẹ̀. “Ẹ ní kí wọ́n wá bá mi fà á nígbà náà.” Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: iná ṣì ń gba orí wáyà àgbà ìjọba àpapọ̀ wá, iye tí wọ́n ń tà á níbẹ̀ kò sí lọ́wọ́ yín. Ó dáa. Ẹnúgu náà wà lórí wáyà yẹn. Ní oṣù keje ọdún 2025, àjọ tiwọn gé owó iná Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn pọ̀ jù, láti náírà 209 sí 160 lórí yúníìtì kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ oníná figbe ta, NERC ní ìpínlẹ̀ kò láṣẹ lórí wáyà àgbà. Ó ṣeé ṣe kí Ẹnúgu ṣi ìṣirò ṣe, àmọ́ ará Ẹnúgu mọ ẹni tó máa bá jà.

Kí n tó gbàgbé, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kí ó má gba ọwọ́ yín mọ́. Irú ayọ̀ tí a yọ̀ nítorí iná, n kò rí i lójú yín lọ́jọ́ náà. Nínú ìbò ìbílẹ̀ oṣù kejìlá ọdún 2023, ẹgbẹ́ yín ló kó gbogbo àga alága, ẹyọ kan kò ṣèèṣì bọ́. Lójú àwọn alága yẹn, ẹ̀yin gan-an ni Àbújá.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ kọ iye wákàtí iná tó tọ́ sí adúgbò kọ̀ọ̀kan sára ògiri ọjà, kí ẹ kọ nọ́ńbà ẹni tí a ó pè sábẹ́ rẹ̀. Kí ẹni náà máa gbé Adó, kí ó sì máa gbé fóònù rẹ̀ tí a bá pè.

Èmi ni,
Ọmọ Adó tó ń ra káàdì iná.