Bọ́ọ̀lù, Òkè àti Léèsì

Ọkùnrin tó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kó fẹ́ obìnrin tó ń ta aṣọ. London lèmi àti Ìyá Ìbejì ń gbé. Òun ló ń ta léèsì fún àwọn ológe Peckham. Nígbà tó ní òun ń lọ kó ọjà ní Lustenau, nílẹ̀ Austria, mo ní ká gba Munich. Ó ní Zurich ni gbogbo oníléèsì ń gbà, ibẹ̀ ló sún mọ́ ọn ju Munich lọ. Mo dá a lóhùn pé ọ̀nà tó bá gba ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù kì í jìn.

Lọ́jọ́ Sátidé, a wọ Allianz Arena, pápá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2005, tó ń gba èèyàn bí 75,000. Nọ́ńbà tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì oníkálukú ló jókòó sí. Níbi tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù n'Íbàdàn, ẹni tó bá tètè dé ló ni bẹ́ǹṣì, ẹni tó bá sanra ló ni ìdajì rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbá pẹnárítì báyìí, iná á lọ. Ní Munich, iná ò ṣẹ́jú. Ìyá Ìbejì ní eré náà dùn, àmọ́ kò sí ibi tí èèyàn ti máa kígbe “Up NEPA!”

Ohun tó wú u lórí ni ìgò. Láti ọdún 2003 ni Jámánì ti ń gba owó ìdógò lórí ọ̀pọ̀ ìgò oníke: ẹ dá òfìfo rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ, ẹ gba sẹ́ǹtì 25 yín. Nílé, onígò ló ń kiri wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Níbẹ̀, àwa là ń kiri ìgò lọ bá ẹ̀rọ. Kí n tó mọ̀, ìyàwó mi ti ń wo ọwọ́ àwọn tó ń mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bregenz, nílẹ̀ Austria. Inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì pè é láti Ìbàdàn, ó sì dáhùn wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè pariwo.” Ẹ̀gbọ́n fi igbe ta: “Yéè! Ṣé àwọn ajínigbé ló gbé ọ ni?” Gbogbo ọkọ̀ gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù ò ṣí, òfin ni. Ni a bá gun òkè Pfänder, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,064. Ṣé gígùn náà nìyẹn? Ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn irin, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1927, ló gbé wa dé òkè bí ìyàwó tuntun. Òkè Ìdànrè ò gba irú ìranù bẹ́ẹ̀: àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni wàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ gùn, orúnkún á sì jẹ́rìí sí i. Láti orí Pfänder, a rí adágún Bodensee, tí Jámánì, Austria àti Switzerland jọ yí ká, kò sì sí ẹni tó bi wá ní ẹnubodè pé kí ló wà nínú báàgì. Láti ẹnubodè Sèmè dé Badagry, bí ẹ bá ti ń parí àlàyé báàgì fún ẹnìkan, ẹnìkejì ti nawọ́ sójú títì níwájú.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ajé lóòótọ́. Láti àwọn ọdún 1960 ni Lustenau ti ń ran léèsì fún ilẹ̀ wa. Ìyá Ìbejì dá iye tí wọ́n pe ọjà sí méjì, ó sọ ìdajì. Bàbá ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì pẹ̀yìn dà, ó ń lọ, bí wọ́n ti ń ṣe ní ọjà Balógun kí ọlọ́jà lè pariwo pé “Ẹ padà wá mú un!” Bàbá ò pariwo. Ó lọ gbé kọfí kaná. Kí kọfí tó hó, oníbàárà ti padà. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa ni bàbá yẹn ti kọ́ṣẹ́.

Mo wo ìgboro, mi ò rí ẹnì kan tó wọ léèsì. Àwọn tó ń ran án kì í wọ̀ ọ́, àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ran án. Ìdákẹ́jẹ́ Lustenau ló ń bọ́ sí ariwo òwàḿbẹ̀ wa, owó òwàḿbẹ̀ wa ló sì ń bọ́ Lustenau. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó léèsì wọlé, síbẹ̀ léèsì ò kúrò lóde àríyá. Bí àwa bá pinnu lọ́la pé a ò ní fi aṣọ ẹbí sin àgbàlagbà mọ́, kí ni wọn yóò máa jẹ?

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ilé fi ju òkè òkun lọ: ní Balógun, alábàárù ló ń gbé ẹrù, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ní Lustenau, ọkọ ni alábàárù. Ẹ̀yin ọkùnrin tó fẹ́ tẹ̀lé ìyàwó oníṣòwò rìnrìn àjò, ẹ yẹ ẹ̀yìn ara yín wò kí ẹ tó yẹ ìwé ìrìnnà wò. Ìwé ìrìnnà kì í gbé báàgì.