Ta Ló Ń Jẹ́ Mis en Bouteille?

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Dijon, Faransé tí mo gbọ́ kò ju èyí tí wọ́n fi ń ra búrẹ́dì lọ. Ẹlẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ wá bu wáìnì pupa kan fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì wọ̀ mí lára débi pé mo fa ìgò náà mọ́ra láti wo orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lára ìgò yẹn pọ̀ ju ti ara káàdì ìgbéyàwó lọ: orúkọ lókè, orúkọ nísàlẹ̀, àwòrán ilé gogoro láàárín. Mo ṣa èyí tó jọ orúkọ lójú mi, mo há a sórí. Lọ́jọ́ kejì, mo yan wọ ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí àdúgbò wa.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mis en bouteille ni mo fẹ́ rà. Ti ìdílé Château."

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù wò mí, ó wo pẹpẹ tí wọ́n to àwọn ìgò Bordeaux sí, ó tún wò mí. Ó ní èwo nínú wọn? Mo ní kó má wulẹ̀ dààmú, kó ṣáà ti fún mi ní ojúlówó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi là mí lọ́yẹ̀ pé ohun tí mò ń pè lórúkọ yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé inú ọgbà tí wọ́n ti ṣe é náà ni wọ́n ti rọ ọ́ sínú ìgò. Àfi bí ẹni tó lọ bá oníkẹ́mísì, tó ní kó ta "Ẹ mì í dáadáa kẹ́ ẹ tó lò ó" fún òun. Château tí mo sì ń rò pé ààfin ni, ilé oko lásán ni òmíràn nínú wọn.

Ìtìjú yẹn ò tó mi. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí Àǹtí mi wá kí mi láti London. Dókítà ti kìlọ̀ ṣúgà fún wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ fi ṣaǹpéènì kan ọ̀fun kí wọ́n tó padà. Mo yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò: sec, gbígbẹ. Mo sì ti gbọ́ pé wáìnì tó bá "gbẹ" ni kì í dùn. Lórí pẹpẹ, mo rí Brut, mo rí Sec. Brut tí èmi mọ̀, lọ́fínńdà tí bàbá mi máa ń fín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Sec ni mo gbé.

Àǹtí mi fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé ife sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ogún mi lò ń wá ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa rà á lọ́la, ẹ gbọ́: ṣúgà inú Brut kì í tó gíráàmù 12 nínú lítà kan. Ti Sec ń bẹ láàárín 17 sí 32, Demi-sec tí wọ́n ní ó gbẹ dé ààbọ̀ sì lè dé 50. Láyé ọjọ́sí, ṣúgà tí wọ́n ń dà sí i pọ̀ ju báyìí lọ fíìfíì, pàápàá èyí tí wọ́n ń kó lọ fún àwọn ará Rọ́ṣíà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, Sec gbẹ lóòótọ́. Ẹnu àwọn ọ̀mu yí padà, orúkọ ò yí.

Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti ilé ọ̀gá wa. Wọ́n pè mí wá jẹun alẹ́, mo sì pinnu pé n ò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Mo ti kà á níbì kan pé Chambertin ni wáìnì tí Napoléon fẹ́ràn jù. Bí mo ṣe rí ìgò tí wọ́n kọ Gevrey-Chambertin sí, tí Premier Cru tún wà lábẹ́ rẹ̀, mo ko owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lé e. Gbogbo ilé ti jókòó yí tábìlì ká kí n tó gbé e kalẹ̀. Mo dìde dúró. "Ọtí Napoléon rèé o!"

Ilé pa lọ́lọ́. Bàbá ìyàwó ọ̀gá wa, àgbàlagbà tó fi gbogbo ayé wọn ṣiṣẹ́ nínú ọgbà àjàrà, wọ awò ojú, wọ́n sì fa ìgò náà mọ́ra. Wọ́n fi àtàǹpàkò kan tó le bí èèpo igi bo Gevrey. "Èyí ni ti Napoléon." Wọ́n ká a kúrò, wọ́n wá tọ́ka sí ìlà kékeré tó so orúkọ méjèèjì pọ̀. "Tìẹ lèyí."

Chambertin, ọgbà kan ṣoṣo ni, kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 13 lọ. Abúlé tó ni ín, Gevrey lásán ló ń jẹ́ títí di 1847, tí wọ́n gba àṣẹ láti so orúkọ ọgbà olókìkí yẹn mọ́ tiwọn. Àwọn mìíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀: Puligny àti Chassagne jọ so Montrachet mọ́ra ní 1879. A kúkú mọ irú wọn nílé, ẹni tí ìyá-ìyá rẹ̀ bá ọlọ́ba tan lẹ́ẹ̀kan, tí Adé ò wá kúrò lórúkọ ọmọ-ọmọ mọ́.

Mo fẹ́ gba ara mi sílẹ̀. "Bàbá, Premier ni wọ́n kọ síbẹ̀ o. Ṣé ẹnì kan tún ń ṣáájú ẹni àkọ́kọ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ní Bourgogne tí a wà yìí, Grand Cru ló ń bẹ lókè Premier Cru. Ní Médoc, ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Bordeaux, tí wọ́n pín àwọn ọgbà sí ipò márùn-ún ní 1855, Premier ló wà ní téńté. Ilẹ̀ Faransé kan náà! Síbẹ̀, Bàbá ní ọtí mi dára gan-an, àwọn náà ló sì mu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mo wá bi wọ́n ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àjàrà Pinot Noir ni wọ́n fi ṣe é, kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́? Bàbá wò mí bí ẹni tó béèrè ìdí tí wọn ò fi kọ "omi" sára odò. Ojú tì mí, torí ilé tí wọ́n ti ń béèrè bóyá gààrì jẹ́ ti Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti tọ́ èmi náà, n ò sì rí ẹni tó bi oníṣòwò ìrẹsì Ọ̀fadà léèrè irú hóró wo ni. Ìlú ni orúkọ. Ohun tó bá wà lára ìgò láàárín ọ̀rọ̀ Appellation àti Contrôlée, tí òfin 1935 gbé kalẹ̀, ni ilé wáìnì náà, bí ilé ọ̀hún bá sì ṣe ń kéré sí i ni owó sábà máa ń ga sí i: Bourgogne, odidi ẹkùn; Gevrey-Chambertin, abúlé; Chambertin, ọgbà. Àwọn ará Alsace ló ṣàánú àlejò, àwọn sábà máa ń kọ irú àjàrà náà gàdàgbà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn bí ẹni tó gboyè. Mo fa Chablis kan yọ, mo kà á sí i létí: Chablis ni ìlú, Premier Cru ni ipò, Chardonnay ni àjàrà bí wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́, inú ọgbà ni wọ́n sì ti rọ ọ́ sígò. Ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó ní ta ni mo fẹ́ rà á fún. Mo ní ìyàwó mi ni, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló kù sí dẹ̀dẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù mẹ́fà.

Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó fi èékánná tọ́ka sí àwòrán kan tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ: aboyún tó gbé ife sẹ́nu, tí wọ́n fi ìlà dá a lábùú.

Omi èso ápù ni mo rà. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni omi èso ápù.