Ilé Tí A Kọ́ Rèé, Ọmọ Ńkọ́?

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn àgbà sọ ọ́ tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọn kò mọ̀ pé ìran kan ń bọ̀ lẹ́yìn tí yóò gbọ́ òwe náà yékéyéké, tí ẹ̀rù yóò bà, tí yóò sì wá ọgbọ́n ta sí i: ìran tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ilé tà kí ọmọ tó dàgbà tó ẹni tí yóò tà á. Àwa nìyẹn. Bàbá ta ilẹ̀ tó rà sí Mọ́wẹ́, ìyá kó èsúsú, àbúrò ìyá yá owó ní kọ́párétíìfù, ọmọ ọdún mẹ́ta bá wọ jẹ́lé-ó-sinmi olówó ńlá. Nígbà tí yóò bá fi gbọ́njú, kò ní rí nǹkan kan tà mọ́. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kí la wá fi owó ilẹ̀ náà rà? Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé tọkọtaya kan lọ wo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Akóbọ̀, n'Ìbàdàn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti bẹ́rí fún wọn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, orí bàbá ti wú. Ògiri ọgbà ga, wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ya Mickey Mouse sí i lára kí ọmọ má baà rò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Táìsì ilẹ̀ ń dán gbinrin. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì madaàmù (ti kíláàsì ṣì ń bọ̀). Wọ́n kó Royal, Montessori àti International pọ̀ sójú pátákó kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá jù lọ níbẹ̀ ni ọmọ kan láti Ẹdẹ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ wá sí Ìbàdàn. Madaàmù fimú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní èdè Faransé wà, ijó bálẹ́ẹ̀tì wà, táíkóńdò wà, kọ̀ǹpútà wà fún ọmọ tí kò tí ì lè so okùn bàtà. Ìyá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó mi orí. Wọ́n ti rí ilé ìwé.

Ìyá yìí kan náà, tó bá dé ọjà Bódìjà láti ra iṣu, ẹ wá wò ó. Á fi èékánná họ ọ́ nídìí, á gbé e lọ́wọ́ wò bóyá ó tẹ̀wọ̀n, á bi oníṣu bóyá ó ṣe é gún, á búra pé tó bá korò òun ń gbé e padà bọ̀. Iṣu ọjọ́ kan nìyẹn o. Owó tó fẹ́ san nílé ìwé yóò ra iṣu kún ilé, kò sì bèèrè pé ta ni yóò jókòó ti ọmọ òun láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ n bá wọn bèèrè. Àǹtí tó ń kọ́ kíláàsì kìn-ín-ní ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì ni, ó ń dúró de JAMB. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí là á sílẹ̀ pé NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní. Àǹtí kò ní in. Gẹ̀ẹ́sì tó yọ̀ létè ló ní, òun ni wọ́n sì rí tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Lọ́dún 2024 ni òfin sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà. Owó tí Àǹtí ń gbà kò sún mọ́ ọn, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì sì ń gbà jù ú lọ. N kò bínú sí dírẹ́bà o. Bíréèkì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ́ ọmọ láti mọ ìyàtọ̀ b àti d náà ń wa nǹkan kan, ẹ̀mí ló sì kó sínú rẹ̀.

Àwọn tó dá ilé ìwé sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ti kíyè sí ibi tí ojú òbí máa ń bà lé, ibẹ̀ ni wọ́n ń kùn lọ́dà.

Ojú wa kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bà lé ògiri. Nígbà tí Lateef Jakande di gómìnà Èkó ní October 1979, kíláàsì kò kárí àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba. Àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án, àwọn ti ọ̀sán sì ń tòògbé lórí ìwé. Jakande kò dúró de owó táìsì. Ó kọ́ kíláàsì lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ilé gbọọrọ, páànù lórí, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan, ó sì fòpin sí ètò àárọ̀ òun ọ̀sán náà. Kí làwọn tó gbọ́n jù láàárín ìlú rí? Wọ́n ní ilé adìyẹ ló kọ́. Wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà títí ẹnu fi ro wọ́n. Àwọn tó jókòó nínú ilé adìyẹ yẹn ti di dókítà, wọ́n ti di agbẹjọ́rò, wọ́n ti di ọ̀gá báńkì, àwọn kan nínú wọn náà ló sì ń wá ilé ìwé onítáìsì kiri báyìí. Adìyẹ ti dàgbà, kò fẹ́ kí òròmọ rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti tọ́ òun dàgbà.

Ìráhùn òbí ti ìgbà Awólọ́wọ̀ tún yàtọ̀. Nígbà tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 17 January 1955, iye ọmọ tó wà ní kíláàsì fò láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún tó ṣáájú sí ohun tó lé ní 800,000. Àwọn bàbá àgbẹ̀ ráhùn: owó orí ti pọ̀ jù, ta ni yóò sì bá àwọn ṣán oko? Ẹjọ́ wọn kò burú. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá ti Kùmásí dé, ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń pè kó wá kà á, gbogbo agbo ilé á sì pa lọ́lọ́. Bí ọmọ bá ń fa ẹ̀ẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta, bàbá ti mọ bí ilé ìwé náà ṣe rí nìyẹn. Kò nílò bírọ́ṣọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló ń lọ bá tíṣà nílé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí wèrè wa ti wọ aṣọ. Bí òbí bá fẹ́ yin ilé ìwé lónìí, gbólóhùn kan ló tó: “Wọn kì í sọ Yorùbá níbẹ̀ rárá.” Ọmọ tó bá ní “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ tọ̀” ti sọ fanákúlà, ó di kó san owó ìtanràn. Mo mọ ọmọ tó kúkú tọ̀ sára kó má baà san án. Inú bàbá rẹ̀ dùn pé ọmọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu.

Bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí òṣùwọ̀n tipẹ́tipẹ́, kì í ṣe ní òkè òkun, ní Ifẹ̀ níbí. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan, ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n taari sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Àwọn ọlọ́dún mẹ́fà Yorùbá ló yege jù, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 1990. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Nígbà tó di 2025, wọ́n ti wọ́gi lé e, òkú ìkókó tí a kò tí ì sọ lórúkọ. Òbí kan kò sunkún. Púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ pé wọ́n bí i.

Ti rìpọ́ọ̀tì káàdì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Gbogbo ọmọ kíláàsì ló gba A, nítorí pé ọmọ tó bá gba D, ilé ìwé mìíràn ni ìyá rẹ̀ yóò gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé. Àǹtí kan kọ òdodo sí i nígbà kan pé ọmọ náà kò tí ì mọ̀wé é kà. Ìyá já wọ ọgbà, ó ní ta ló ń ṣépè fún ọmọ òun? Wọ́n tẹ káàdì mìíràn. Níparí ọdún, wọ́n wọ ọmọ náà ní gáùnù dúdú àti fìlà onígun mẹ́rin, wọ́n ya fọ́tò, ó gboyè jáde ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Ilé ìwé ìjọba ńkọ́? Òfin UBE ti 2004 ní ọ̀fẹ́ ni, ọ̀fẹ́ ni ìwé, ọ̀fẹ́ ni àga, oúnjẹ ọ̀sán pàápàá wà nínú rẹ̀. Mo ti wọ ibi tí ọmọ ti ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ewúrẹ́ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. N kò ní bá òbí tó sá fún ìyẹn jà. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé inú ọgbà ewúrẹ́ yẹn ni àwọn tó ní NCE wà, àwọn tó ní dìgírì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn gan-an sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ àǹtí tó ń dúró de JAMB. Ẹni tó sebẹ̀ kò jẹ ẹ́. Kí ni àlejò yóò ṣe? Bí a bá sì ní kí kọmíṣọ́nnà àti alága káńsù mú ọmọ wọn wá síbẹ̀ fún tẹ́ẹ̀mù kan péré, ẹ ó rí i bí ewúrẹ́ yóò ṣe sọnù lóru ọjọ́ kan.

Àwọn tálákà ló ń fi ọgbọ́n ṣe é. James Tooley, ọ̀jọ̀gbọ́n ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rìn dé Mákòókó l'Ékòó, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé rẹ̀ The Beautiful Tree lọ́dún 2009: lórí omi níbẹ̀, láàárín apẹja, àwọn òbí ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún ilé ìwé alápákó, wọ́n fi ti ìjọba tí kò gba kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé tíṣà alápákó máa ń wá, ó sì máa ń kọ́ni. Tí kò bá wá, ìyá ọmọ mọ ilé rẹ̀.

Irú wọn kan wà ládùúgbò wa, ìyá ẹlẹ́ja, kò kàwé rárá. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló fi ń pọ́n ẹja fún oníbàárà. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti ilé ìwé dé, á na ewé kan sí i: “Kà á fún mi.” Ọmọ á kà á, Gẹ̀ẹ́sì ni o, Yorùbá ni o. Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ́tí gbọ́ ibi tí ọmọ ti kọsẹ̀, á sì ká ewé náà sábẹ́ àtẹ. Tí tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì bá wá ra ẹja nírọ̀lẹ́, á ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi ka èyí.” Tí ti bàbá bá yàtọ̀ sí tọmọ, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé; ilé ìwé ló ń gbà lọ. Ilé ìwé aláwòrán Mickey Mouse ni ọmọ náà wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń san owó rẹ̀. Nígbà tí ewé ìwé ìròyìn ti pọ̀ jù lábẹ́ àtẹ, ìyá mú un kúrò, ó mú un lọ síbi tí kò ní géètì, tí ìyàwó pásítọ̀ kan ti ń fi igi tọ́ka sí álífábẹ́ẹ̀tì lójú pátákó láti àárọ̀. Àwọn mọ́mì ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní owó pọ́n-ùn ni, kí ló ń dùn ún?

Mo wà ní ìpàdé òbí àti tíṣà tó lọ kẹ́yìn kí ìyá ẹlẹ́ja tó mú ọmọ náà kúrò. Àwọ̀ yúnífọ́ọ̀mù tuntun gba wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ ìsinmi lọ sí Dùbáì gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, àwọn tí kò lè lọ ń bú àwọn tó lè lọ. Lẹ́yìn náà ni madaàmù kéde adágún ìlúwẹ̀ẹ́: olúkúlùkù òbí yóò dá owó sí i, wọn yóò sì gbẹ́ ẹ kí tẹ́ẹ̀mù tuntun tó wọlé. Àtẹ́wọ́ ro. Ìyá ẹlẹ́ja dìde, ó tún gèlè so.

“Madaàmù, ẹ má bínú o. Omi tí àwọn ọmọ fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilé ni wọ́n ti ń gbé e wá. Èyí tó máa kún inú kòtò yìí, ta ló máa pọn ọ́n?”

Madaàmù rẹ́rìn-ín, ó fi Yorùbá dá a lóhùn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. “Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní pọnmi sí i. Ti inú bírọ́ṣọ̀ ni.”

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Bàbá kan nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó ní ṣé òun lè san tòun ní ẹ̀ẹ̀mejì.