Ọ̀rọ̀ Sítáǹbù Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Kọ̀rọ̀
Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí kọmíṣánnà márùn-ún máa darí Postal Regulatory Commission, àjọ tó ń ṣọ́ iye tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ń gbà. Tí ẹjọ́ bá wà níwájú wọn, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò gbọdọ̀ yọ́ bá wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Tó bá yọ́ ọ sọ, wọn á kó wúyẹ́wúyẹ́ rẹ̀ sínú fáìlì tí gbogbo ayé lè kà. Àṣírí tó gba ọ̀nà pósítù! Àwọn kan ní òfin yìí á sọ kọmíṣánnà di adití. Adití kẹ̀? Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè kí i, wọ́n lè béèrè ibi tí ẹjọ́ dé, wọ́n sì lè kọ àwíjàre wọn ní gbangba. Etí alátakò nìkan ni wọn kò gbọdọ̀ sá fún.