Ẹni Tó Béèrè Ọ̀nà Tó Tún Ṣìnà

Àwọn àgbà tó sọ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà kò rò ó rárá pé ìgbà kan ń bọ̀ tí abèèrè kò ní í sọ ibi tó ń lọ, tí kò ní í sọ ibi tó ti ń bọ̀, tí yóò sì tún máa bínú sí ẹni tó bá bi í ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Lójú òwe náà, ìbéèrè ni onírẹ̀lẹ̀ fi ń ṣáájú ìrìn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kí wọ́n tó la ẹnu, ohun tí wọ́n sì ń wá kì í ṣe ìtọ́sọ́nà bí kò ṣe ẹni tí yóò bá wọn fọwọ́ sí ìpinnu tí wọ́n ti ṣe. Àṣà yìí hàn kedere láàárín àwọn tó ń wá ìrànlọ́wọ́ lórí bí wọn yóò ṣe fi ipá mú kọ̀ǹpútà orí tábìlì sáré ju bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti là á sílẹ̀ lọ, tí wọ́n sì fẹ́ kó jẹ́ láìséwu.

Overclocking ni gbogbo ayé ń pe iṣẹ́ yìí, àlàyé rẹ̀ kò sì le. Prósẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń tẹ̀lé aago kan tó ń lù láìdúró; gígáhátì kan, tí wọ́n máa ń kọ ní GHz, jẹ́ bílíọ̀nù kan irú ìlù bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, MHz sì jẹ́ mílíọ̀nù kan. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń sọ di púpọ̀ kí iye ìlù náà tó jáde: aago ìpìlẹ̀ orí bọ́ọ̀dù tí prósẹ́sọ̀ jókòó lé, tó sábà máa ń jẹ́ 100 MHz lórí kọ̀ǹpútà òde òní, àti nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ tó wà nínú prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé 36 lọ́nà 100 MHz ló ń di 3.6 GHz. Ẹni tó fẹ́ ṣe overclocking yóò wọ inú BIOS, ìyẹn ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó gbérí, yóò gbé nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ sókè, yóò sì sábà fi díẹ̀ kún fóltéèjì, nítorí pé aago tó yára máa ń béèrè iná tó le sí i.

Kì í ṣe pé òmùgọ̀ ni gbogbo ẹni tó ti dán an wò. Nígbà tí Intel, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe prósẹ́sọ̀, gbé Celeron 300A jáde ní 1998, 300 MHz ni wọ́n tà á fún, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ rí i pé bí wọ́n bá gbé aago bọ́ọ̀dù kúrò ní 66 MHz lọ sí 100 MHz, púpọ̀ nínú prósẹ́sọ̀ olówó pọ́ọ́kú yìí ni yóò sáré ní 450 MHz, tí yóò sì máa bá Pentium II tó wọ́n jù ú lọ figagbága lẹ́nu ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ló fi àyè ńlá sílẹ̀ láàárín ohun tí prósẹ́sọ̀ lè ṣe àti ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Àyè ọ̀hún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láti 2008 ni Intel ti ń lo Turbo Boost lórí prósẹ́sọ̀ orí tábìlì, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ gbé aago ara rẹ̀ sókè níwọ̀n ìgbà tí ooru àti iná bá ṣì gbà á láyè, AMD tó ń bá a du ọjà náà sì ní tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ti ń ṣe overclocking kí ọjà tó jáde nínú páálí. Kódà, wọ́n ti ṣe é kọjá ààlà: ní 2024, Intel jẹ́wọ́ pé fóltéèjì tó ga jù ń ba àwọn kan jẹ́ nínú prósẹ́sọ̀ Core ìran 13 àti ìran 14, ó gbé àtúnṣe jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó sì fi ọdún méjì kún gàrańtì wọn, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Nígbà tí ẹni tó ṣe nǹkan bá ń ṣi fóltéèjì rẹ̀ ṣírò, ó yẹ kí ẹni tó rà á ní tòkunbọ̀ rọra.

Ká padà sórí òwe ọ̀nà: Umunya jẹ́ ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Oyi ní ìpínlẹ̀ Anambra, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó ti Onitsha lọ sí Enugu, níbi tí Yunifásítì Tansian wà. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀, tó sì bi aráàlú pé "ọ̀nà dà?", yóò gba ìdáhùn tó tọ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá bi: ọ̀kan yóò nawọ́ sí ìhà Onitsha, èkejì yóò nawọ́ sí ìhà Awka, kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn, àlejò náà yóò sì sọnù síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ bá ẹni tó jù ú lọ nínú iṣẹ́ náà, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè overclock kọ̀ǹpútà mi láìséwu?", tí kò dárúkọ prósẹ́sọ̀ rẹ̀, tí kò mọ bọ́ọ̀dù tó jókòó lé, tí kò wo iye wáàtì tó wà lára páwà sọ́pùláì rẹ̀, tí kò sì tíì sọ iṣẹ́ tó fẹ́ kí ìyára náà bá òun ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí àìsọ yìí ń bò mọ́lẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀ kò ṣe é overclock rárá. Dell OptiPlex àti HP EliteDesk tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ti lò jáwọ́ ló ń kún ṣọ́ọ̀bù tòkunbọ̀, láti Onitsha títí dé Computer Village ní Ikeja, BIOS wọn kò sì ní ibi tí ènìyàn ti lè fọwọ́ kan nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀. Láti 2011, prósẹ́sọ̀ Intel tí lẹ́tà K wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, bíi Core i5-2500K, ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, bọ́ọ̀dù tó lè gbà á sì ní láti jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún un. Core i5-6500 tí kò ní lẹ́tà náà, 3.6 GHz ni yóò kú sí. AMD lawọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé gbogbo prósẹ́sọ̀ Ryzen orí tábìlì tó kọ́kọ́ jáde ní 2017 ni wọ́n ṣí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e lé bọ́ọ̀dù A320 ti ti ilẹ̀kùn náà padà fúnra rẹ̀. Abèèrè tí wọ́n bá sọ èyí fún kì í gbà pé ìdáhùn ni. Ó gbà pé ẹni tó dáhùn kò mọ iṣẹ́, ó sì di ọjọ́ kejì kó gba ètò ọ̀fẹ́ kan wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ṣèlérí ìyára, tó sì kó kòkòrò kọ̀ǹpútà dání.

Fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbà á, ooru ni olórí ọ̀rọ̀. Iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ máa ń pọ̀ sí i bí aago ṣe ń yára, ṣùgbọ́n fóltéèjì ló ń dá kún un jù, nítorí pé wọ́n ní láti sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí wọ́n tó fi aago sọ ọ́ di púpọ̀. Bí prósẹ́sọ̀ kan bá ń jẹ 100 wáàtì ní 1.20 fóltì, tí olówó rẹ̀ fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún aago rẹ̀, tó sì gbé fóltéèjì dé 1.30, yóò máa jẹ tó 129 wáàtì. Ẹni náà ra ìyára ìdá 10, ó sì gba ooru ìdá 29 ní èènì. Heatsink, ìyẹn irin olójú púpọ̀ tí fáànù ń fẹ́ sí lórí prósẹ́sọ̀, kò sì lè mú un tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Èyí tó ń jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ fi 50°C gbóná ju yàrá lọ yóò mú un dúró ní 70°C nínú yàrá 20°C ní Lọ́ńdọ̀nù; ní Umunya, lọ́sàn-án oṣù kejì, nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ nítorí eruku ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ti dé 35°C, prósẹ́sọ̀ kan náà lábẹ́ heatsink kan náà yóò wà ní 85°C kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan BIOS. Bí wọ́n bá wá fi ooru ìdá 29 yẹn lé e, ó di nǹkan bí 100°C, níbi tí ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel ti máa ń fa aago ara rẹ̀ wálẹ̀ kó má baà jóná. Ẹni tó ní òun ń wá ìyára ti náwó, ó ti ṣe àìsùn, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì lọ́ra ju ti àná lọ.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò nílò àlàyé gígùn fún ẹni tó bá ń gbé ní Nàìjíríà. Ìtọ́ni tó sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ BIOS dọ̀tun kò mọ̀ pé iná lè lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí iṣẹ́ náà ń gbà, tí bọ́ọ̀dù yóò sì di ohun tí kò lè jí mọ́. Ẹni tí kò ní UPS, ìyẹn bátìrì tó ń di kọ̀ǹpútà mú nígbà tí iná bá lọ, kò ní ohun tó ń ṣe nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Síbẹ̀, ìtọ́ni àjòjì ni abèèrè fẹ́ràn jù. Ní oṣù kejìlá 2022, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nídìí iṣẹ́ yìí mú Core i9-13900K kọjá 9 GHz, wọ́n sì fi helium olómi tó tutù dé nǹkan bí 269°C nísàlẹ̀ òdo rọ ọ́ lójú kí ó tó gbà. Ẹni tó wo fídíò irú èyí tán lórí ibùsùn, tí fáànù àjà rẹ̀ kò sì yí, a máa da nọ́ńbà ẹlòmíràn kọ sínú BIOS tirẹ̀ bí ẹni ń da ìdáhùn ìdánwò kọ, láì mọ̀ pé prósẹ́sọ̀ méjì tí orúkọ wọn dọ́gba kì í dọ́gba nínú: ọ̀kan lè dúró ṣinṣin ní 4.6 GHz lórí 1.25 fóltì, kí èkejì máa wó lulẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà tí kò léwu wà, ṣùgbọ́n ó súni. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ètò bíi HWiNFO wo ìwọ̀n ooru nígbà tí ẹ̀rọ ń sinmi àti nígbà tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ sókè ní ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á dán an wò fún wákàtí mélòó kan, wọn kò sì ní í fọwọ́ kan fóltéèjì àfi tí ẹ̀rọ bá kọ̀. Prime95 ni ọ̀pọ̀ ń lò fún ìdánwò náà, ètò tí George Woltman ṣe láti fi wá àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ (prime) ńláńlá, tí kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú eré kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tó ń ni prósẹ́sọ̀ lára débi pé èyí tí kò bá dúró dáadáa yóò ṣi ìṣirò. Ìṣirò tó ṣì yìí ló yẹ kó ba ènìyàn lẹ́rù ju èéfín lọ, nítorí pé kọ̀ǹpútà tó kú ti fi àìsàn rẹ̀ hàn, nígbà tí èyí tó ń ṣìṣe ní ìdákẹ́jẹ́ lè máa ba fáìlì jẹ́ fún oṣù mẹ́ta kí akẹ́kọ̀ọ́ tó rí i pé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kò ṣí mọ́. Ní ilẹ̀ olóoru, undervolting, ìyẹn dídín fóltéèjì kù díẹ̀díẹ̀ láìfọwọ́ kan aago, sábà máa ń ṣe ènìyàn láǹfààní ju overclocking lọ, torí pé prósẹ́sọ̀ tó tutù yóò pẹ́ lórí aago gíga tí Turbo Boost fún un. Kò sì sí abèèrè kan tó fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dénú ni wọn kì í fẹ́ràn, nítorí pé òun náà máa ń béèrè. Kí ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣe? Ṣé nígbà tó ń jí ló máa ń lọ́ra, àbí nígbà tí ojú-ewé ogún bá ṣí ní Chrome, àbí lọ́sàn-án nìkan? Bó bá jẹ́ nígbà tó ń jí, hard disk àtijọ́ ló ń fà á sẹ́yìn, SSD kan, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí kò ní ohun tó ń yí nínú, yóò sì ṣe ohun tí overclocking kankan kò lè ṣe. Bó bá jẹ́ ojú-ewé ogún, RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, ló kéré. Bó bá jẹ́ ọ̀sán, kí wọ́n gbọn eruku inú heatsink, kí wọ́n sì pààrọ̀ ọ̀rá tó wà láàárín rẹ̀ àti prósẹ́sọ̀, èyí tó ti gbẹ láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti wà lókè òkun. Abèèrè tó bá gba irú ìdáhùn yìí a máa dúpẹ́ tẹnu-tẹnu, a sì kọrí sí ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tí ọ̀gá kan tí kò béèrè ohunkóhun yóò ti ta fáànù mẹ́ta fún un, tí ọ̀kan ń tan iná pupa, tí ọ̀kan ń tan àwọ̀ ewé, tí ọ̀kan ń tan àwọ̀ sánmà, tí yóò sì fi dá a lójú pé èyí tó ń tan pupa yẹn ló yára jù.